Ẹ Yéé Fi Ṣẹ́ẹ̀njì Ka Owó Ará Òkè Òkun

Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, àfi bíi pé ẹ jọ ṣèpàdé kẹ́ ẹ tó kọ ọ́: owó, owó, owó, ti Ìlú Ọba àti ti ilé, èwo ló tóbi, ta ló ń jayé, ta ló ń jìyà. Mo mú díẹ̀ nínú ẹ̀. Pọ́n-ùn kan sí ₦2,000 ni màá fi máa ṣírò, kì í ṣe pé iye tó wà ní báńkì gẹ́lẹ́ nìyẹn, kò jìnnà síbẹ̀ ṣá, ó sì rọrùn láti fi ka owó.

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi ọkùnrin ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Birmingham, ìyàwó ẹ̀ àtàwọn ọmọ ẹ̀ méjì wà lọ́dọ̀ ẹ̀. Ẹnu ara ẹ̀ ló fi sọ fún mi pé £12.21 lòun ń gbà ní wákàtí kan. Mo ṣírò ẹ̀, ₦24,420 ni, wákàtí kan ṣoṣo o! Ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù ẹni tó ń gba ₦70,000 níbí lọ. A wá ní kó fi ₦500,000 ránṣẹ́ ká fi tún òrùlé ilé bàbá wa ṣe, ó ní owó ò sí lọ́wọ́. Ṣé kì í ṣe pé ó ti gbàgbé ilé ni? — Ẹ̀gbọ́n tí inú ń bí, Òṣogbo

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fara balẹ̀, ká jọ ṣírò ẹ̀. £12.21 yẹn, òfin ló ní kí wọ́n san án, òun lowó tó kéré jù tí wọ́n fi lélẹ̀ ní oṣù kẹrin 2025 fún òṣìṣẹ́ tó ti pé ọmọ ọdún 21, bí ₦70,000 ṣe jẹ́ owó tó kéré jù nílé láti oṣù keje 2024. Ẹ rí i báyìí pé orí àkàbà kan náà ni àbúrò yín àti ẹni tẹ́ ẹ fi ń wọ̀n ọ́n wà, ìsàlẹ̀ pátápátá làwọn méjèèjì wà.

Tó bá ń ṣe wákàtí 40 lọ́sẹ̀, bíi £2,116 nìyẹn lóṣù. Kò ní fojú kàn án. Kówó náà tó dé báńkì ni ìjọba ti mú tiwọn, owó orí ìdá 20 nínú 100 lórí gbogbo ohun tó bá lé ní £12,570 lọ́dún, National Insurance (owó adójútòfò ìjọba) ìdá 8 nínú 100 lé e, ohun tó máa bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀ jẹ́ bíi £1,817, ká má tíì dárúkọ pẹ́ńṣọ̀n. Ó yá, ẹ jẹ́ ká ná an. Àpẹẹrẹ ni mo ń ṣe o, mi ò mọ ilé tí wọ́n ń gbé: flat kékeré tó gba ọkọ, ìyàwó àtọmọ méjì, ká pè é ní £950. Owó káńsù £140. Iná àti gáàsì £150, omi £40, oúnjẹ ẹni mẹ́rin £350, ọkọ̀ wíwọ̀ £100, fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì £50. Ẹ pa á pọ̀, £1,780 ni. Ó ku £37. Inú £37 yẹn ni bàtà ọmọ wà, inú ẹ̀ ni kóòtù òtútù wà, inú ẹ̀ náà ni owó físà wà, torí físà tó gbé wọn débẹ̀ ò ní dúró títí láé.

Owó káńsù tí mo dárúkọ yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn wa nílé ò mọ̀ ọ́n. Ìjọba ìbílẹ̀ ló ń gbà á lọ́wọ́ gbogbo ilé, ayálégbé ló sì ń san án, kì í ṣe onílé. Ti Birmingham tún wá le ju ti ibòmíì lọ: ní oṣù kẹsàn-án 2023, káńsù ìlú náà kéde pé owó àwọn ò lè gbé ìnáwó àwọn mọ́, ni wọ́n bá gbé owó yìí sókè ní bíi ìdá 10 nínú 100 ní 2024, wọ́n tún fi bíi ìdá 7.5 lé e ní 2025. Àbúrò yín ò dá gbèsè kankan o, òun náà ló ń bá wọn san án.

Kẹ́ ẹ má baà rò pé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo wà pátápátá: tó bá jẹ́ pé ṣe ló ń dá gbé nínú yàrá kan, tàbí tí ìyàwó ẹ̀ náà ń mówó wálé, ẹ̀yin ni màá gbè, torí ₦500,000 tẹ́ ẹ béèrè, £250 ni, ẹni tó ń dá gbé lè rí i ṣà jọ láàárín oṣù kan. Ẹ bi í ní jẹ́jẹ́ bóyá ẹni kan ló ń ṣiṣẹ́ nílé yẹn àbí èèyàn méjì. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ sílé ni pé ṣẹ́ẹ̀njì kì í sọ bí nǹkan ṣe wọ́n tó. Ẹ wo epo mọ́tò. Ní 2025, bíi £1.35 ni lítà kan ní Ìlú Ọba, ẹ sọ ọ́ di náírà, ó di ₦2,700. Nílé, bíi ₦900 ni. Ẹni tó bá fi ṣẹ́ẹ̀njì wò ó á ní epo tiwa fi ìlọ́po mẹ́ta dínwó ju tiwọn lọ, àbí? Ó dáa, ẹ wá fi wákàtí iṣẹ́ wò ó. Àbúrò yín, lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ gbogbo tiwọn, ń mú £10.48 lọ sílé ní wákàtí kan, kò ní ṣiṣẹ́ tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ kó tó rówó lítà kan. Ẹni tó ń gba ₦70,000, tó ń ṣe wákàtí 40 lọ́sẹ̀ bíi tiẹ̀, bíi ₦404 ló ń gbà ní wákàtí kan, ó máa ju wákàtí méjì lọ kó tó rówó lítà kan náà. Èwo ló wọ́n nínú méjèèjì? Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé náà mọ̀ pé ṣẹ́ẹ̀njì ń tanni jẹ, láti 1986 ni ìwé ìròyìn The Economist ti ń fi iye tí bọ́gà McDonald's ń tà kárí ayé wọn owó orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn (wọn ò sì lè lọ ra tiwọn l'Ékòó, McDonald's ò tíì ṣí ṣọ́ọ̀bù kankan ní Nàìjíríà).

Ti òrùlé bàbá, ẹ sọ fún un pé kó máa fi ohun tágbára ẹ̀ bá gbé ránṣẹ́ lóṣooṣù, kẹ́ ẹ máa ra páànù ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé náà kẹ́ ẹ dá tiyín.

Ẹ bá mi dá sí i, Àǹtí. Iṣẹ́ gidi ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn, ₦650,000 lóṣù, ilé tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ l'Ákóbọ̀ là ń gbé. Wọ́n ti wá fún mi níṣẹ́ ní Ìlú Ọba báyìí, £42,000 lọ́dún. Ọmọ méjì la ní, èyí àgbà ò tíì pé ọdún mẹ́wàá. £42,000 jẹ́ ₦84 mílíọ̀nù, ti ibí ò tó ₦8 mílíọ̀nù lọ́dún. Ìyàwó mi ní kí ni mo tún ń rò. — Bàbá Ìbejì, Ìbàdàn

Bàbá Ìbejì, ẹ kú oríire. Àmọ́ ẹ ní èyí àgbà, ẹ tún ní Ìbejì, mo gbà pé ẹ mọ èyí tẹ́ ẹ ń sọ.

Owó oṣù yẹn kọ́kọ́. £42,000, lẹ́yìn owó orí àti National Insurance, á di bíi £2,813 lóṣù. Kò burú. Láti oṣù keje 2025, £41,700 ló kéré jù tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa san kí wọ́n tó lè fi físà òṣìṣẹ́ gba èèyàn wọlé, tiyín kàn rá pálá kọjá lójú ihò abẹ́rẹ́.

Kí owó oṣù kan tó wọlé, owó kan máa kọ́kọ́ jáde, èyí ló máa ń bá ọ̀pọ̀ èèyàn lójijì. Owó ìlera tí wọ́n ń gbà pẹ̀lú físà, £1,035 ni fún àgbà lọ́dún, £776 fún ọmọ tí ò tíì pé 18, gbogbo ọdún tí wọ́n bá fún yín lẹ máa san lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ò ní san án díẹ̀díẹ̀. Èèyàn mẹ́rin, ọdún mẹ́ta: £10,866. Ìyẹn ti ju ₦21 mílíọ̀nù lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo owó oṣù yín fún ọdún mẹ́ta, owó físà fúnra ẹ̀ ò tíì sí níbẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú ò sí níbẹ̀, owó ilé oṣù àkọ́kọ́ ò sí níbẹ̀. Ẹ bi ilé-iṣẹ́ yẹn bóyá wọ́n á bá yín gbé e, àwọn míì máa ń gbé e. Owó míì tún wà tí wọ́n ń pè ní Immigration Skills Charge, ìyẹn tiwọn ni lábẹ́ òfin, tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá san án, ẹ fura sí wọn.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ilé tẹ́ ẹ kọ́ l'Ákóbọ̀ ò ní wọ ọkọ̀ òfuurufú tẹ̀lé yín. Owó ilé òdo lẹ ń san lónìí, tẹ́ ẹ bá débẹ̀, òun ló máa jẹ́ ìnáwó tó tóbi jù. Ẹni tó ń yá ilé n'Ìbàdàn tó gba £42,000, ìṣirò tiẹ̀ yàtọ̀ sí tiyín pátápátá, ẹ má jẹ́ kó bá yín ṣe é. Mo sì ti rí àwọn onílé tó di ayálégbé ní yàrá méjì, kì í rọrùn fún wọn, ká má purọ́.

Àwọn nǹkan tó máa kúrò lọ́rùn yín náà wà o. Owó ilé-ìwé: ilé-ìwé ìjọba ọ̀fẹ́ ni títí ọmọ fi máa pé 18, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì dáa. Jẹnẹrétọ̀, epo jẹnẹrétọ̀, ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, ó parí. Omi ẹ̀rọ ń yọ, ẹ ò ní gbẹ́ kànga. Tọ́mọ bá ń gbóná lóru, ẹ ò ní kó owó dání kẹ́ ẹ tó gbé e lọ hósípítù, dókítà ò ní gba kọ́bọ̀, oògùn tí wọ́n bá kọ jẹ́ £9.90 fún àgbà l'England, ọ̀fẹ́ ni fọ́mọ, ní Scotland àti Wales ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo èèyàn. N'Ìbàdàn, ẹ̀yin gan-an ni ìjọba ìbílẹ̀ ara yín, ẹ ń pèsè iná, omi, ọdẹ àti ọ̀nà ìta ilé yín, gbogbo ẹ̀ sì ń jáde nínú ₦650,000 yẹn bẹ́ ẹ ò tiẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ máa pàdánù ni ọwọ́ èèyàn. Màmá tó ń bá yín gbọ́mọ, àbúrò ìyàwó tó ń mú wọn bọ̀ láti ilé-ìwé, mẹkáníìkì tó ń wá sílé, gbogbo ẹ̀ á di owó. Ẹni tó máa tọ́jú ọmọ láti ìgbà tí ilé-ìwé bá ti parí títí iṣẹ́ á fi parí, ẹ máa sanwó ẹ̀, kò sì kéré. Físà yín náà ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gba ọ̀pọ̀ owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún àwọn aráàlú. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ gba ìwé ìgbélùú, £3,029 ni fún orí kan ní oṣù kẹrin 2025, ẹ fi mẹ́rin sọ ọ́ di púpọ̀. Ọdún márùn-ún lèèyàn fi ń dé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìjọba ti sọ pé àwọn fẹ́ sọ ọ́ di mẹ́wàá.

Ìdájọ́ tèmi nìyí: ẹ bi wọ́n pé ìlú wo. Tó bá jẹ́ London, tó sì jẹ́ pé owó yín nìkan lẹ máa fi bọ́ ẹni mẹ́rin, ẹ jókòó sí Akóbọ̀ yín, inú ilé yín ló sàn. Tó bá jẹ́ Hull tàbí Sunderland, níbi tí owó ilé ò tó ti London rárá, tí ìyàwó yín sì ní iṣẹ́ tó lè ṣe lọ́hùn-ún (físà yẹn gbà á láàyè láti ṣiṣẹ́), ẹ máa lọ, ẹ fi ilé yẹn rẹ́ǹtì.

Mo ti pẹ́ ní Manchester, ó ti sú mi. £30,000 ló wà lọ́wọ́ mi, ₦60 mílíọ̀nù nìyẹn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi l'Ékòó ní kí n máa bọ̀, màá jayé bí ọba. Ṣé òótọ́ ni? — Ẹni tó fẹ́ relé

Ó dọwọ́ ohun tí ọba fẹ́ jẹ. Tó bá jẹ́ ohun tí ọwọ́ èèyàn ń ṣe ni, òótọ́ ni. Dírẹ́fà, télọ̀, ẹni tó ń fọṣọ, ẹni tó ń dirun, gbogbo ohun tó ń ná yín lówó gọbọi ní Manchester, ẹ máa rí i san l'Ékòó láìronú. Ohun tó bá fi ọkọ̀ ojú omi wọlé ni kò mọ̀ pé ẹ ti délé. Mọ́tò, fóònù, páńẹ́ẹ̀lì sólà, ọ̀pọ̀ oògùn, dọ́là ni wọ́n fi rà wọ́n, owó ibodè tún gorí ẹ̀, nígbà míì iye tẹ́ ẹ máa rà wọ́n á ju ti Manchester lọ.

Ilé ńkọ́? L'England, oṣooṣù lẹ ń san, owó ìdógò ò sì gbọ́dọ̀ ju ti ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ fún ọ̀pọ̀ ilé láti 2019. Òfin Èkó tí wọ́n ṣe ní 2011 náà sọ pé onílé ò gbọ́dọ̀ gbà ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun (wọ́n yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀ nínú ẹ̀), ẹ lọ sọ ìyẹn fún ẹjẹntì kẹ́ ẹ wo bó ṣe máa wò yín. Ọdún méjì ni wọ́n máa ní kẹ́ ẹ gbé wá, agirímẹ́ǹtì àti kọmíṣàn á gorí ẹ̀, owó tí wọ́n ń pè ní caution náà ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan náà nìyẹn, kẹ́ ẹ tó ra bẹ́ẹ̀dì. Iná ńkọ́? Àwọn tó wà ní Band A, tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 fún lójúmọ́, ₦68 ni wọ́n ń ra yúnìtì kan tẹ́lẹ̀, ní oṣù kẹrin 2024 ó fò sókè di ₦225, ó rọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà. Àdúgbò tí ò sí ní Band A, jẹnẹrétọ̀ àti sólà ni.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ₦60 mílíọ̀nù yẹn. Ẹ má ṣẹ́ gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, bíi ₦580 ni pọ́n-ùn kan ní ṣẹ́ẹ̀njì báńkì. Ẹni tó ṣẹ́ £10,000 nígbà yẹn, tó tọ́jú ₦5.8 mílíọ̀nù ẹ̀ sí báńkì, tó bá fẹ́ yí i padà báyìí, bíi £2,900 ló máa rí. Ẹ fi pọ́n-ùn yín sínú àkáǹtì dọmisílíárì (èyí tó ń gba owó òkè òkun), ẹ máa ṣẹ́ èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́ ná. Kẹ́ ẹ tó kúrò, ẹ wo iye ọdún tẹ́ ẹ ti fi san National Insurance, tó bá ti tó ọdún 10, ẹ máa rí pẹ́ńṣọ̀n ìjọba gbà tẹ́ ẹ bá dàgbà, ibikíbi tẹ́ ẹ bá wà, àmọ́ iye tí wọ́n bá fi bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tó ń gbé ní Nàìjíríà, wọn kì í fi kún un lọ́dọọdún.

Ẹ ṣì lè máa bọ̀ o, mi ò ní kẹ́ ẹ má bọ̀. Ẹni tó bá ní ohun tó ń mówó wálé l'Ékòó, pẹ̀lú £30,000 lẹ́yìn, á gbádùn. Ẹni tó bá fẹ́ máa jẹ ẹ́ lórí ìjókòó, kò ní pẹ́ tán.

Wọ́n ní oúnjẹ òkè òkun dínwó ju tilé lọ. Ṣé òótọ́ ni àbí àwọn ará ibẹ̀ kàn ń ṣe fàájì? — Ìyá Oúnjẹ, Abẹ́òkúta

Òótọ́ ni fún wàrà, adìyẹ, búrẹ́dì. Irọ́ gbuu ni fún iṣu, èlùbọ́, ata rodo, ẹja gbígbẹ, torí àwọn yẹn ti wọ bàálù tàbí ọkọ̀ ojú omi kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹni tó bá ń jẹ ọkà lójoojúmọ́ ní London, ẹ kí i, owó ń bẹ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ má sì ronú àtidi ẹran gbígbẹ tàbí kílíṣí sínú àpò fún wọn, ìjọba ibẹ̀ ò gbà kí ẹran ti Nàìjíríà wọlé, wọ́n á gbà á ní pápákọ̀. Ẹja, wọ́n gbà á láàyè.

Ọ̀rọ̀ tó tóbi jù níbẹ̀ ni iye tí oúnjẹ ń kó nínú owó ilé. Ará Jámánì kan, Ernst Engel, ló kọ ọ́ ní 1857 pé bówó ṣe ń kéré lọ́wọ́ ìdílé, bẹ́ẹ̀ ni ìdá tí oúnjẹ ń gbà nínú ẹ̀ ń pọ̀ sí i. Nílé, àjọ NBS tó ń ka iye ọjà fún ìjọba, ìdá 51.8 nínú 100 ni wọ́n gbé fún oúnjẹ tẹ́lẹ̀, wọ́n tún un ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ó di 40. Ní Ìlú Ọba, bíi ìdá 11 nínú ìnáwó ìdílé ni. Ìdí nìyẹn tí tìmáàtì fi lè wọ́n ní London kí ẹnu máa kùn, tó bá wọ́n l'Ábẹ́òkúta, ebi ni.

Àǹtí mi, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Leeds. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti pe ilé ni wọ́n ń bi mí pé èló ni mò ń gbà. Kí ni kí n máa sọ? — Ọmọ yín

Ọmọ mi, má dárúkọ owó wákàtí fún wọn mọ́, wọ́n á fi ìlọ́po 2,000 lù ú kó o tó gbé fóònù sílẹ̀. Sọ ohun tó kù lẹ́yìn tó o bá ti sanwó ilé, kó o sì ṣàlàyé pé wákàtí 20 péré ni físà gbà ẹ́ láàyè láti fi ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ tí yunifásítì bá wọlé. Ohun tó jẹ mí lógún jù ni owó káńsù. Ṣé o ti gba ìwé ẹ̀rí pé akẹ́kọ̀ọ́ lo jẹ́? Gbà á lọ́wọ́ yunifásítì, fi ránṣẹ́ sí káńsù, tó bá jẹ́ pé gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ilé yẹn lẹ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àkókò kíkún, ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Tí ẹnì kan ṣoṣo nínú yín ò bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, bíìlì máa wá, wọ́n á yọ ìdá 25 nínú 100 kúrò, ẹ tètè jókòó sọ ẹni tó máa san án kó tó di ìjà.